Ọkọ̀ Tó Ń Mu Ọ́ìlì Gbé Màámi Lọ sí Ajah

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti bi mí ní Ṣakí níbí pé kí ni mo lọ ṣe ní Èkó tí mo fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àti pé níbo ni mo fi ìyá ìyàwó mi sí. Mo ti dá àwọn kan lóhùn lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ mi, mo ti dá àwọn mìíràn lóhùn bí a ṣe ń jáde ní mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n ìdáhùn orí ìdúró kì í kún. Ẹ jẹ́ kí n jókòó, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé páànù àti ìṣó ni mò ń tà. N kì í ṣe arìnrìn-àjò. Èkó tí mo mọ̀ kò kọjá ọjà tí mo ti ń ra páànù. N óò wọ̀ ọ́ láàárọ̀, n óò sì ti jáde kí oòrùn tó wọ̀. Lekki àti Ajah, etí lásán ni mo fi ń gbọ́ orúkọ wọn.

Ìpè láti etí ọ̀sà

Màámi, ìyá tó bí ìyàwó mi, kì í ṣe ọmọ Ṣakí. Etí ọ̀sà ni wọ́n bí i sí, ní abúlé kan lẹ́yìn Addo, lápá Ajah. Ọmọ Ṣakí ni ọkọ rẹ̀, iṣẹ́ ọlọ́pàá ló ń ṣe ní Èkó nígbà náà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó ìyàwó àti ọmọ wálé. Màámi máa ń lọ wo àwọn ará ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì gbé e. Nígbà tí àìsàn orúnkún dé, ìrìn-àjò tán. Bàbá kú, Màámi kó wá sọ́dọ̀ wa. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan ní etí ọ̀sà, títí ó fi ku òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Múnírù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Múnírù pè wá lórí fóònù. Ó ní bàbá òun kò dìde lórí ẹní mọ́, kì í fẹ́ jẹun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì ń béèrè fún. Màámi gba fóònù, ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Mo gbọ́." Ó dá fóònù padà fún ìyàwó mi, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Kò bi ẹnikẹ́ni bóyá a máa gbé òun lọ.

Olùkọ́ ni ìyàwó mi, ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ti wọlé dé, kò lè kúrò. Màámi kò lè wọ ọkọ̀ èrò, nítorí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún kò ṣeé ká. Àfi kí ó rí ibi tí yóò na ẹsẹ̀ sí. Ó wá ku èmi, ó ku mọ́tò mi.

Ẹ mọ mọ́tò náà. Òun ni háíbíríìdì tí ẹ fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ pé kò lóhùn, èyí tó ń fi pẹtiróòlù àti bátìrì ńlá rìn pọ̀. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, ó sì ti dàgbà kí ó tó dọ́wọ́ mi. Kì í jẹ pẹtiróòlù, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí ṣe ń gun orí ọjọ́ orí, ó kọ́ ìwà mìíràn: ó ń mu ọ́ìlì. Ọ́ìlì náà kò jò sílẹ̀. Mọ́tò kò rú èéfín. Ẹ ó da ọ́ìlì kún un lónìí, tó bá ṣe díẹ̀ ẹ ó fa gééjì tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ẹ ó rí i pé ó ti lọ sísàlẹ̀, ẹ kò sì ní mọ ibi tó gbà lọ. Mọ́tò mìíràn, tí ọ́ìlì rẹ̀ bá ń tán, yóò máa ké, ẹ ó gbọ́. Tèmi yìí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á tàn, á kú, á tún tàn fúnra rẹ̀, bátìrì á máa bá a gbé nínú ẹrù tó yẹ kó gbé. Ẹni tó ń wà á kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é.

Mẹkáníìkì mi ní Ṣakí sọ fún mi pé mo lè máa fi lọ ọjà fi lọ oko, ṣùgbọ́n kí n má gbé e lọ ọ̀nà jíjìn. Mo gbọ́ ọ. Mo ra gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì sínú búùtù, mo na àga ẹ̀yìn fún Màámi, a sì gbéra.

Ẹni tí kì í ké

Gbogbo ibi tí a bá ti dúró ni mo ti ń ṣí bónẹ́ẹ̀tì. N óò fa gééjì yọ, n óò nù ún, n óò tún tì í bọ̀ ọ́, n óò fà á yọ lẹ́ẹ̀kejì, n óò gbé e sókè sí oòrùn bí ẹni tó ń wá ẹ̀gún nínú ìka. Lẹ́yìn náà n óò bu ọ́ìlì díẹ̀ sí i. Nígbà tí a ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, Màámi béèrè lẹ́yìn pé kí ni mò ń wá níbẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un.

Ó ronú sí i. Ó ní, "Kò ní ké rárá?"

Mo ní, "Kò ní ké, Mà."

Ó ní, "Aláìsàn tí kì í ké, òun ló yẹ kí èèyàn máa wò lójú léraléra."

Láti ìgbà náà lọ, òun ló ń rán mi létí. Bí mo bá gbàgbé, tí mo ra omi tí mo sì fẹ́ tún wọlé jókòó, n óò gbọ́ ọ lẹ́yìn pé, "Bàbá Tọ́lá, ẹ ò tíì wo aláìsàn yín."

Ohun kan wà tí mo ṣàkíyèsí bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Ní gbogbo ọdún tí Màámi fi bá wa gbé, ènìyàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀ ni mo mọ̀ ọ́n sí. Ó ń kí ni, ó ń dáhùn, ó parí. Ṣùgbọ́n bí a ti fi Ìbàdàn sílẹ̀ sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ tajà l'Ékòó nígbà tí kò tíì sí ọ̀nà ńlá kankan lápá ọ̀dọ̀ wọn, tó jẹ́ iyanrìn àti igbó àgbọn nìkan ló wà níbẹ̀. Ó dárúkọ oríṣi ẹja tí n kò gbọ́ rí. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìjì kan tó ká òun àti ìyá rẹ̀ mọ́ ojú omi, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kọrin títí wọ́n fi fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Mo fẹ́ bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ èyí fún wa rí. N kò bi í, kí ọ̀rọ̀ náà má baà dúró.

Ìkíni tí kò rí ẹni jẹ́ ẹ

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ óò mọ̀ lára Lekki ni afẹ́fẹ́ rẹ̀. Omi wà nínú rẹ̀. Bí mo ti ń sọ gíláàsì sílẹ̀, ẹ̀wù mi lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Ọ̀nà náà fẹ̀, ó tẹ́jú, kò sí òkè kan láti fi mọ ibi tí èèyàn wà. Àwa tó jẹ́ pé òkúta la fi ń júwe ilé wa ní Ṣakí, ẹ óò mọ̀ bó ṣe rí lára mi. Ọ̀tún, géètì, òsì, géètì. Ilé gíga tí wọ́n fi gíláàsì kọ́, àti ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ahéré tí wọ́n fi páànù àlòkù kàn. Ojú tí mo fi ń wo páànù kò jẹ́ kí n gbójú kúrò.

Níbi tí ọkọ̀ ti dúró díẹ̀, mo rí ọkùnrin kan tí ọkọ̀ rẹ̀ dúró ti tèmi, ọjọ́ orí wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ara wọn. Mo kí i pé ẹ kú ìrìn. Ó wò mí, ó wo nọ́ńbà mọ́tò mi, ó gbé gíláàsì rẹ̀ sókè. Bóyá ó rò pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan ni. Màámi rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ó ní kí n má bínú, àwọn onílé ibẹ̀ kọ́ nìyẹn, àlejò bíi tèmi ni òun náà, ó kàn ti pẹ́ jù mí lọ ni.

Kò pẹ́ sígbà náà tí iná pupa kan tàn níwájú mi. Ó dà bí àgé tí nǹkan ń kán lẹ́nu rẹ̀. Ó tàn bí mo ṣe yí kọ́ọ̀nà kan, ó sì tún kú.  Ọ̀nà tó tẹ́jú yẹn ló ti tàn mí jẹ. Mo ti sáré ju bó ṣe yẹ lọ, gálọ́ọ̀nù tó wà ní búùtù sì ti ṣófo láti òkè ọ̀hún. Nígbà tí iná náà tún tàn lẹ́ẹ̀kejì, mo yà kúrò lójú títì, mo bọ́ sí inú Ikate.

Ìsọ̀ Ìyá Dára

Ikate jẹ́ abúlé àtijọ́ tí àwọn ilé tuntun yí ká. Ẹ óò rí ilé pẹlẹbẹ tí bàbá àgbà jókòó sí iwájú rẹ̀, ẹ óò gbójú sókè, ẹ óò rí ilé alájà tó ga ju mínárẹ́ẹ̀tì wa lọ lẹ́yìn rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló kún ọ̀nà. Mo rí ìsọ̀ kan tí wọ́n to ọ́ìlì mọ́tò sí iwájú rẹ̀, mo dúró síbẹ̀.

Obìnrin tó ni ín jáde wá. Ìyá Dára ni wọ́n ń pè é. Mo sọ pé mo fẹ́ ra ọ́ìlì, pé iná pupa ló tàn. Ó wo mọ́tò, ó ní, "Dádì, ẹ má tàn án mọ́ o. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá kọ́kọ́ wò ó." Kí n tó sọ ohun mìíràn, ó ti rí Màámi lẹ́yìn. Ó wọlé, ó gbé àga jáde, ó tún padà lọ gbé àpótí kan wá fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé orúnkún náà kì í ká. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Lẹ́yìn náà ó gbé gàrí tútù wá pẹ̀lú ẹja ṣáwá díndín, ó ní Màmá kò lè jókòó sí iwájú ìsọ̀ òun pẹ̀lú ebi.

Màámi mú ẹja náà, kò fi sẹ́nu. Ó kọ́kọ́ gbé e sí imú, ó sì pa ojú dé.

Láti ẹ̀yìn ìsọ̀ náà, níbi tí àwọn mẹkáníìkì wà, ni wọ́n ti pe Ọ̀gá Fẹ́mi, tó jẹ́ pé irú mọ́tò mi yìí ló máa ń tún ṣe. Ó fa gééjì yọ. Ọ́ìlì kò kan án rárá. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn ríǹgì tó wà lára pisítìnnì, iṣẹ́ wọn ni láti máa nu ọ́ìlì kúrò lára ògiri tí pisítìnnì ń lọ sókè lọ sódò lára rẹ̀. Tí mọ́tò bá ti gbó, tí wọn kì í sì í tètè pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, èérí ọ́ìlì tó ti jóná á lẹ ríǹgì mọ́lẹ̀, kò ní lè nu nǹkan kan mọ́. Ọ́ìlì á wá máa bá pẹtiróòlù jóná díẹ̀díẹ̀, kò ní pọ̀ tó èyí tí èèyàn á fi rí èéfín.

Mẹkáníìkì kejì tó dúró tì wá ní kí n kúkú ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, kí n sinmi. Ọ̀gá Fẹ́mi ní lóòótọ́ ni, ó ṣeé ṣe, àmọ́ inú mọ́tò tó gbó bíi tèmi ni wọ́n á ti yọ òun náà, àìsàn kan náà sì lè wà lára rẹ̀. Ó ní òògùn kan wà tí òun lè dà sórí àwọn pisítìnnì, kí ó rẹ ìdọ̀tí náà fún ọjọ́ mélòó kan. Mo bi í bóyá yóò wò ó sàn. Ó ní, "Ó ti ṣiṣẹ́ fún àwọn kan, kò ṣiṣẹ́ fún àwọn kan. Mi ò lè búra fún yín, Dádì."

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni kí wọ́n da ọ́ìlì kún un, kí n rọra wà á dé Addo. Kò jìnnà mọ́. Èmi tí mo jẹ́ ọkọ ọmọ wọn, n kò fẹ́ dé ilé àwọn àna mi nínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ bí ẹrù tó já bọ́. N kò sì mọ ẹnì kan ní Ikate tí mo lè fi mọ́tò sí lọ́wọ́. Ọ̀gá Fẹ́mi kò bá mi jiyàn. Ó ní mọ́tò náà lè gbé wa débẹ̀. Ó ní ó sì lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì náà ti ń gbẹ bọ̀ láti ọ̀nà, tó bá sì dẹnu kọlẹ̀ lójú títì, ó tán nìyẹn.

Mo dúró, mo ń wo bónẹ́ẹ̀tì. Màámi pè mí láti orí àga rẹ̀.

"Bàbá Tọ́lá, ẹ fi mọ́tò sílẹ̀. Mọ́tò lè dúró dè wá. Mi ò mọ̀ bóyá Wàhábì lè dúró."

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ àbúrò rẹ̀ gan-an. Mo kó kọ́kọ́rọ́ fún Ọ̀gá Fẹ́mi. Ìyá Dára wá ọkọ̀ ará àdúgbò wọn kan tí yóò gbé wa, òun fúnra rẹ̀ ló sì di ẹsẹ̀ Màámi mú wọlé.

Omi tó jókòó

Ọ̀nà Addo kún fún ìsọ̀, ìsọ̀ lórí ìsọ̀, búrẹ́dì, fóònù, bàtà, irin ìkọ́lé pẹ̀lú, mo sì rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbẹ̀. A yà, a tún yà, títì parí, iyanrìn bẹ̀rẹ̀, lójijì ni ọ̀sà yọ sí wa. Odò tí mo mọ̀, ó ń lọ síbì kan. Èyí kò lọ síbi kankan. Ó jókòó, ó fẹ̀ títí ojú kò fi rí òdìkejì dáadáa.

Múnírù ti ń dúró dè wá. Ó fẹ́ gbé Màámi, Màámi kọ̀. Ó fi ọ̀pá tẹ iyanrìn náà lọ títí ó fi wọ ilé. Orí ẹní ni àbúrò rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti rù débi pé egungun èjìká rẹ̀ yọ. Ó wò wá.  Ojú rẹ̀ ń lọ lára Màámi bí ẹni tó ń wá ojú ẹlòmíràn nínú ojú náà.

Màámi, tí kò jókòó sílẹ̀ rí láti ìgbà tí orúnkún ti mú un, di ògiri mú, ó rọra sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ti ẹní náà. Ó sọ gbólóhùn kan tí n kò gbọ́ ìdajì rẹ̀.  Lẹ́yìn náà èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé ó ń sunkún, àṣé ẹ̀rín ni. Ó rín títí ikọ́ fi gbé e. Ràmọ́tà, ìyàwó Múnírù, ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Màámi bi í pé ṣé nítorí pé ó kan án láti gbọ́n omi inú ọkọ̀ ni ó ṣe ń díbọ́n sùn, bíi ti ìgbà èwe wọn.

Wọ́n bu omi wá. Kò gbà á lọ́wọ́ Múnírù. Màámi gba ife náà, àbúrò rẹ̀ sì mu ún lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi tán.

Ará òkè

Ará òkè ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, wọn kò sì fi bú mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ẹni tó wọlé, títí tí ìyá arúgbó kan fi bẹ̀ mí pé kí n sinmi, pé iyanrìn ti kún irùngbọ̀n mi. Èdè wọn jọ tiwa, kò sì jọ ọ́. Ilé di ulé, iṣu di uṣu, ìyá di yèyé. Àwọn tó kéré ń bá mi sọ Yorùbá Èkó, wọ́n ń fi òyìnbó lù ú, mo ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí Màámi àti àbúrò rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, mo di ẹni tó ń gbọ́ rédíò ìlú mìíràn. Mo ti bá obìnrin yìí gbé ilé kan náà fún ọdún gbọọrọ, n kò mọ̀ pé ohùn mìíràn wà nínú rẹ̀.

Ẹja ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, ẹja ni lálẹ́. Wọ́n fi ewùrà ṣe ìkọ́kọrẹ́ fún mi, mo jẹ ẹ́, mo tún tọrọ sí i. Ọjọ́ tí wọ́n gbé akàn sí iwájú mi ni ìyà jẹ mí. Mo gé èékánná rẹ̀ jẹ, eyín mi kọ̀. Ràmọ́tà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, ó wá jókòó, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ, bí wọ́n ṣe ń fa ẹran inú rẹ̀. Mo kọ́ ọ. Ẹ má bi mí bóyá mo yó. Wàrà wa ní ibí ló ń wù mí jẹ, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí mò ń pè bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ omi-ẹ̀rọ ni Múnírù ń ṣe nínú àwọn ẹ́síteètì. Ìgbà tí iṣẹ́ bá ṣe wẹ́wẹ́ ló ń lọ sójú omi. Mo bá a lọ sí Thomas Estate lọ́jọ́ kan kí n lè rí ibẹ̀. Ilé tó mọ́, ọ̀nà tó dákẹ́, òdòdó létí ọ̀nà. Ní ẹnu géètì, ọkùnrin aṣọ́nà kan tí ohùn rẹ̀ fi hàn pé ibi tó jìnnà ló ti wá bi Múnírù pé ta ló wá rí. Múnírù dá a lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó dárúkọ ẹni tó pè é. Nígbà tí a wọlé tán, ó fi ọwọ́ hàn mí ibi tí bàbá rẹ̀ ti máa ń gbin ẹ̀gẹ́. Wọ́n ti da kọnkéré sí i.  Kò dúró de ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ tún ẹ̀rọ wọn ṣe.

Òògùn Ọ̀gá Fẹ́mi

Nígbà tí Ọ̀gá Fẹ́mi ránṣẹ́ sí mi, mo padà sí Ikate. Ó ti rẹ àwọn pisítìnnì náà, ó ti fa òògùn jáde, ó ti pààrọ̀ ọ́ìlì. Bó ṣe tàn án, èéfín funfun bo gbogbo ibẹ̀, àwọn ènìyàn ń fi aṣọ bo imú, Ìyá Dára sáré ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀. Mo rò pé ó ti bà á jẹ́ fún mi. Ọ̀gá Fẹ́mi ní kí n fara balẹ̀, òògùn náà ló ń jóná. Nígbà tó yá, èéfín náà dín, ó sì tán.

A wà á lọ, a wà á bọ̀ lójú títì ńlá, a tún wo gééjì. Ó ṣì lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ rárá. Ọ̀gá Fẹ́mi sọ òtítọ́ fún mi. Ó ní kò tíì sàn, ó dín kù ni. Tí mo bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, bóyá ìyókù ìdọ̀tí náà yóò máa fọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n má ṣe da ọ́ìlì tó ki sí i bí wọ́n ti ń gba àwọn kan nímọ̀ràn, irú èyí tí wọ́n kọ sórí ìdérí ibi tí a ti ń da ọ́ìlì sí i ni kí n máa lò, kí n sì máa wo gééjì nígbàkígbà tí mo bá ra pẹtiróòlù. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀ ní Ṣakí, ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. Kí mọ́tò máa dákẹ́ kò ní kó jẹ́ pé ara rẹ̀ yá.

Inú mi dùn bí mo ṣe ń wà á lọ sí Addo. Mo ti ń ronú bí n óò ṣe na àga ẹ̀yìn fún Màámi, àti ibi tí a óò ti dúró jẹun.

Ohun tí Màámi sọ

Nígbà tí mo dé, Bàbá Múnírù ti jókòó, wọ́n fi ìrọ̀rí tì í mọ́ ògiri, Màámi ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ fún un. Ó bù ú tán, ó nu ẹnu rẹ̀, ó sì ní kí n gbé àga òun jáde sí etí omi. Mo gbé e. Mo sọ fún un pé mọ́tò ti dáa, pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a lè máa lọ sílé.

Ó ní, "Ẹ máa lọ sílé, Bàbá Tọ́lá. Èmi ti dé ilé."

 Mo bi í bóyá ẹnì kan ti ṣẹ̀ ẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Ó ní, "Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ mí. Ẹ̀yin àti ọmọ mi, ẹ tọ́jú mi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fẹ́ ọkọ rere, ọmọ Ṣakí, ibẹ̀ náà ni mo sin ín sí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún yẹn, kò sí òru kan tí mo fi orí lélẹ̀ tí n kò tẹ́tí sí omi. N kò gbọ́ ọ. N kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kí ni ẹ óò ṣe sí i?"

Mo ní, "Mà, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún Ìyá Tọ́lá pé mo fi yín sílẹ̀?"

"Ẹ pè é. Èmi ni n óò sọ ọ́."

Mo pe ìyàwó mi. Kí n tó gbé fóònù fún Màámi, mo ti sọ díẹ̀ níbẹ̀, ìyàwó mi sì ti fèsì pé bí mo bá mọ ohun tí mò ń ṣe, kí n gbé ìyá òun wálé, pé ta ni yóò máa fi omi gbígbóná pa orúnkún náà, pé kí ni àwọn ará Ṣakí yóò sọ.  Màámi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Mo rìn sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ọ. Kò bẹ̀ ẹ́, kò sì pàṣẹ fún un. Ó ń ṣàlàyé fún un bí ibẹ̀ ṣe rí: ibi tí àga òun wà, àwọ̀ omi náà ní àkókò yẹn, ẹyẹ tó bà lórí òpó, bí àbúrò òun ṣe jẹ ẹ̀kọ kan tán lówùúrọ̀. Ó ń sọ ọ́ fún un bí ìgbà tí èèyàn ń fi ilé hàn fún ọmọ tí wọn kò gbé dé ibẹ̀ rí. Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó dá fóònù padà fún mi, ìyàwó mi ń mí lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ máa bọ̀. Ẹ rọra wakọ̀."

Ìpadàbọ̀

Ràmọ́tà di ẹja gbígbẹ fún mi, ó dì í tán, ó tún tú u, ó fi òmíràn kún un. Bàbá Múnírù gbá mi lọ́wọ́ mú, ó sì ṣàdúrà fún mi ní èdè wọn. Mo ṣe àmín sí èyí tí mo gbọ́ àti èyí tí n kò gbọ́.

Ọ̀nà gùn ní ìpadàbọ̀ nítorí pé kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Mo ń dúró, mo ń wo gééjì, mo ń bu ọ́ìlì sí i bó bá yẹ. Mọ́tò náà gbé mi délé láìyọ mí lẹ́nu. Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí mo wọ àgbàlá wa.

Ìyàwó mi jáde. Kò kí mi. Ó rìn kọjá lára mi, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò, ó wọlé, ó jókòó síbi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí nígbà tí a ń lọ. Èmi náà tún padà wọ iwájú, mo jókòó.  Àwọn adìyẹ ń jẹ̀ kiri lábẹ́ mọ́tò.

Nígbà tó yá, ó ní, "Ṣé Màámi sunkún nígbà tí ẹ ń kúrò níbẹ̀?"

Mo ní, "Rárá. Wọ́n jókòó ti àbúrò wọn. Ọwọ́ kan ni wọ́n fi dì í mú, wọ́n fi èkejì juwọ́ sí mi."

"Wọ́n rẹ́rìn-ín?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín."

Ó mi orí. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú, ó ní, "Tí ilé-ìwé bá ti sinmi, ẹ ó gbé mi lọ síbẹ̀. Ẹ wá jẹun." Ó sọ̀kalẹ̀, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn mọ́tò náà padà, bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn yàrá tí ènìyàn ń sùn nínú rẹ̀.